Ọbẹ̀ Ata Pupa Àǹtí Eulalia

EULALIA: alásè ní ilé ìdáná àgbà tó ń se ọbẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka ilé oúnjẹ La Noria, ní Las Cruces.
AZUCENA: ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Yadira, mánìjà ẹ̀ka La Noria tó wà lẹ́yìn òkè.

[Ariwo ìkòkò. Omi ń ṣàn.]

EULALIA: Hẹlóò? Sọ̀rọ̀ kíá, ọwọ́ mi wà nínú ata.

AZUCENA: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Azucena ni.

EULALIA: O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé ọbẹ̀ òní ti dé ọ̀dọ̀ yín?

AZUCENA: Ó ti dé. Àwọn oníbàárà ń fi búrẹ́dì tortilla nu àwo. Àǹtí, ẹ gbọ́ —

EULALIA: Mo mọ̀. Ọ̀gá tuntun yẹn ní kí n máa fi ìwọ̀n sebẹ̀ bí ẹni ń po oògùn. Ìwọ̀n ò mọ adùn.

AZUCENA: Kí lẹ fi sí i lónìí?

EULALIA: O fẹ́ jí i mọ́ mi lọ́wọ́? Jẹ́ kí n kú ná.

AZUCENA: Ẹ má bá mi ṣeré. Ètè Yadira ń wú.

EULALIA: Yadira? Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣebí ilé ìwé ló yẹ —

AZUCENA: Wọ́n wà ní họlidé. Ó ń jẹ enchilada tá a da ọbẹ̀ yín lé ní tábìlì ẹ̀yìn. Ó ní ọ̀fun ń yún òun.

EULALIA: Ata ni. Fún un ní wàrà.

AZUCENA: Ọmọ tó ti ń lá ata láti ìgbà tó ti ń rá? Àǹtí, kí lẹ fi sí i?

[Omi dákẹ́.]

EULALIA: Ọkọ̀ ìyẹ̀fun ò dé. Ọbẹ̀ ń ṣàn bí omi, mi ò sì lè da odidi ìkòkò nù. Mo ṣe é bí màmá wa ṣe máa ń ṣe é ní Chihuahua.

AZUCENA: Báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é?

EULALIA: Ẹ̀pà lílọ̀ ló máa ń mú un ki. Díẹ̀ ni mo —

AZUCENA: Ẹ̀pà.

EULALIA: Ọkàn mi ò lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn rárá, pé ara ẹ̀ ò gba ẹ̀pà. Ọbẹ̀ ni mò ń wò.

AZUCENA: Kò sí nǹkan tó ń wọ ẹnu ọmọ yìí tí mi ò kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọbẹ̀ tiyín nìkan ni mi ò béèrè rí.

EULALIA: Abẹ́rẹ́ tí dókítà fún un ńkọ́?

AZUCENA: Inú ọkọ̀ mi ló wà. Chuy tó ń gbé àwo ti sáré lọ mú un. Chuy, mú un wá! Ẹ dúró —

EULALIA: Itan ni. Gún un gba orí ṣòkòtò, má bọ́ ọ. Ṣé o gbọ́ mi? Azucena?

[Igbe ọmọ.]

AZUCENA: Mo ti gún un.

EULALIA: Áńbúláǹsì ńkọ́?

AZUCENA: Ó ń bọ̀ láti òdìkejì òkè. Chuy máa gbé wa lọ pàdé ẹ̀ lọ́nà.

EULALIA: Mò ń bọ̀.

AZUCENA: Ẹ ń bọ̀ wá ṣe kí ni? Kẹ́ ẹ tó dé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó kù ni kẹ́ ẹ pè. Ọmọ ẹlòmíì náà ń jẹun níbẹ̀.

EULALIA: Ramona! Fóònù ọ́fíìsì, pe gbogbo ẹ̀ka. Kí wọ́n da ọbẹ̀ pupa nù. Gbogbo ẹ̀. Má bi mí, pè wọ́n. Azucena, má tíì gé fóònù.

[Ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì.]

AZUCENA: — a ti gbéra — nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí òkè —

EULALIA: Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé ó ń mí?

AZUCENA: Yadira, wojú mi. Wojú mi. Ó ń — ó ń mí, ó kàn ń —

EULALIA: Gbé fóònù sún mọ́ imú ẹ̀. Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

[Ariwo táyà. Mímí ọmọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dún bíi fèrè. Ó dá. Ó tún bẹ̀rẹ̀.]

EULALIA: Mò ń gbọ́ ọ. Yadira, mò ń gbọ́ —

[Ìlà já.]