Orúkọ Tí Mo Pààrọ̀ Lórí Káàdì Màmá Ìjọ

Ẹ̀yin ará ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ka ìkànnì wa yìí, èmi Morẹ́nikẹ́, olórí ẹgbẹ́ mídíà, ni mo ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí ọdún mẹ́ta tí Màmá Ìjọ ti sùn. Mo jókòó tì í, mi ò rí i kọ. Ohun kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́ta náà, kò lọ, kò bọ̀. Àsìkò ti tó kí n yọ ọ́. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú mi bó ṣe tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ ṣì ń bi mí léèrè Ìtùnúolúwa. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí, obìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ tó máa ń ya àwòrán ìkéde yín dà, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹn? Mo ní ó ti kó lọ. Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé e. Ìtùnú kì í ṣe ọmọ bíbí Màmá Ìjọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ kú ní Ìjàn nígbà tó ṣì kéré, Màmá mú un wá sí Adó, ó rán an nílé ìwé, ó kọ́ ọ lórin àti àdúrà. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn títí ọmọ fi ga ju Màmá lọ. Èmi ló máa ń pè ní Àǹtí mi. Ìyá mi ò bí obìnrin tẹ̀lé mi. Ìtùnú ni àbúrò tí mo ní láyé yìí.

Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, orí Wáásáàpù la ti máa ń pín iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì sọnù sáàárín ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú ọjọ́ ìbí. Lọ́dún kan, ìkéde ìkórè wa jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì ìkórè tán. Tíṣà ni mí, mi ò lè fara da jágbajàgba. Ni mo bá mú áàpù kan wá tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́. Ó dà bí pátákó lójú fóònù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ ẹni tó ni ín. Èyí tí a ṣì ń ṣe lọ́wọ́ á wà lábẹ́ "À ń ṣe é". Èyí tó ku àṣẹ á wà lábẹ́ "Ẹ dúró". Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹni tó ni káàdì á fi ìka wọ́ ọ lọ sábẹ́ "Ó yá", áàpù fúnra rẹ̀ á sì gbé e sí Fesibúùkù àti gbogbo ìkànnì wa, láì tún bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣòfin pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ́ ọ débẹ̀. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn, òun ni mo fi ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn dùn. Ìtùnú máa ń kọ àwàdà sábẹ́ káàdì, á sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé: "Àǹtí mi, uṣẹ́ ti tán, ebi ló kù." Èmi tíṣà á lọ tún un kọ sí iṣẹ́, òun náà á tún padà lọ sọ ọ́ di uṣẹ́. Tí a bá ṣe tán, a ó gba Ọjà Ọba kọjá, a ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, á máa ka gbogbo pátákó ìpolówó tó wà lójú ọ̀nà, á máa bú lẹ́tà wọn. Ó ní ti alágbàfọ̀ kan dà bí ìgbà tí adìyẹ fẹsẹ̀ tẹ yíǹkì. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà nù lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Pátákó alágbàfọ̀ yẹn ṣì wà, àmọ́ tí mo bá ti súnmọ́ ọn, ńṣe ni mo máa ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ tí Màmá sùn, Bàbá Ayọ̀rìndé pè wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi, Ìtùnú, àti Olúgbénga tó ń ya fọ́tò. Àbúrò Màmá ni Bàbá Ayọ̀rìndé, alàgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ. Wọ́n ní Babátúndé, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, wà ní Kàdúná, àwọn kàn sọ fún un pé ara ìyá rẹ̀ ò yá ni, kó máa bọ̀ nílé. Wọ́n wá ní, "Inú ilé ni ọmọ ti ń gbọ́ ikú ìyá rẹ̀, lórí ìjókòó, kí àwọn èèyàn rẹ̀ yí i ká. Títí n ó fi pè yín, ẹ má gbé nǹkan kan síta." Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ìtùnú ya àwòrán náà pẹ̀lú omijé, Màmá nínú aṣọ funfun, tó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó bá fẹ́ fún ọmọdé ní nǹkan. Mo gbá a mọ́ra. Mo ní kó lọ sinmi, kó fi káàdì yẹn sílẹ̀ fún mi. Mo fi orúkọ ara mi sí i, mo sì gbé e sábẹ́ "Ẹ dúró". Títí débẹ̀, èèyàn gidi ni mí.

Lọ́jọ́ kejì mo wà nílé ìwé. Àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo ṣí Fesibúùkù, mo rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mídíà wa ní Ìgèdè ti kọ ọ́ pé igi ńlá kan ti wó nínú ìjọ Ọlọ́run. Wọn ò dárúkọ, ṣùgbọ́n èrò ti pé lé e lórí, wọ́n ń béèrè pé ta ni. Inú mi ru. Adó ni Màmá ti sìn, tiwa ni, kí ará Ìgèdè wá gba iwájú wa? Mo sọ lọ́kàn mi pé Túndé á ti dé, ṣebí ìdájí ló gbéra. Mo lè pe Bàbá Ayọ̀rìndé, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti pè wọ́n láàárọ̀, mo ní ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í bi àgbà ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni o. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n ṣì dúró ni. Mo wọ́ káàdì náà sábẹ́ "Ó yá". Kíá ni àdúrà ń wọlé, wọ́n ń yin àwòrán, wọ́n ń pín in kiri, orúkọ ìkànnì wa wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ: Màmá kú, inú mi dùn.

Babátúndé ò tíì dé. Mọ́tò wọn ti bàjẹ́, gáréèjì kan ní Lọ́kọ́ja ló wà tó ń jẹun nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí i, pé Ọlọ́run á tù ú nínú. Wọ́n ní ṣe ló dìde dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò mọ ibi tó fẹ́ lọ. Ó pe Bàbá Ayọ̀rìndé, ó ní, "Bàbá, gáréèjì lẹ ti sọ mí di ọmọ òrukàn, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí." Bàbá wá pe èmi. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn béèrè pé ta ló gbé e jáde. Mo ní màá wádìí ẹ̀, sà.

Kí ni mo fẹ́ wádìí? Mo yọ àwòrán náà kúrò lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n ẹyin ti balẹ̀, ó ti fọ́. Mo ṣí káàdì, mo rí orúkọ mi gbàgàdà lórí rẹ̀. Mo ronú kan ilé ìwé mi, mo ronú kan ipò mi nínú ìjọ, mo ronú kan bí Bàbá Ayọ̀rìndé ṣe máa wò mí. Mo yọ orúkọ mi. Mo fi ti Ìtùnú sí i. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi ṣèèṣì, mo yan án ni, torí mo mọ̀ pé kò ní bá mi jà. Lẹ́yìn náà mo ti káàdì náà mọ́ ibi tí èmi àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan ti lè ṣí i, mo sì ṣètò fóònù mi pé mi ò fẹ́ gbọ́ ìró kankan láti ibẹ̀ mọ́.

Wọ́n pè wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà. Bàbá Ayọ̀rìndé ní kí n fi ẹni tó ni káàdì han àwọn, mo na fóònù sí wọn. Wọ́n kà á pé Ìtùnúolúwa. Wọ́n wo Ìtùnú, wọ́n ní, "Ìwọ?" Ìtùnú wo fóònù, ó wo ojú mi. Ó wò mí pẹ́. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, sà." Ẹ wò mí, èmi àgbàlagbà, mo dúró síbẹ̀, mo ń tu ara mi nínú pé bóyá ìbànújẹ́ ti dà á lọ́kàn rú ni, bóyá òun náà rò pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Bàbá ní Túndé ti búra pé ẹni tó ṣe é kò gbọ́dọ̀ fojú kan ìsìnkú ìyá òun. Ìtùnú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní rárá. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá lọ sí Ìjàn, ọmọ tí Màmá tọ́ dàgbà jókòó sí Adó. Èmi ni mo lọ. Èmi ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ síbi tó yẹ kó bu iyẹ̀pẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni kì í jẹ́ kí n lè gbàdúrà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìtùnú fi Adó sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ wa ń lọ, àwòrán ń jáde lásìkò, kò sì sí èyí tó ń wù mí wò. Nígbà mìíràn, bí àárò rẹ̀ bá sọ mí, mo máa ń ṣí káàdì tuntun, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn uṣẹ́", màá fi orúkọ Ìtùnú sí i, màá sì máa wò ó bóyá yóò dáhùn. Mo mọ̀ pé ìwà wèrè ni. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá pa á rẹ́ kí Gbénga má baà rí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gbénga ní a nílò àwòrán Màmá tí Ìtùnú yà, fún ìrántí yìí. Ojúlówó rẹ̀ ò sí níbòmíràn, inú káàdì yẹn nìkan ló wà, èyí tí mi ò ṣí láti ọdún mẹ́ta. Mo ṣí i. Mo bá ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀, Ìtùnú ló kọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì, kí a tó débẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ orúkọ, jìnnìjìnnì ò jẹ́ kí èmi tí mo kọ́ gbogbo wọn ní áàpù náà rántí pé bí èèyàn bá fi orúkọ ẹlòmíràn sórí káàdì, áàpù á sọ fún onítọ̀hún, á sì sọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: "Àǹtí mi, mo rí i pé ẹ ti fi orúkọ mi sí i. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé Màmá lọ sí Ìjàn."

Mo sunkún lórí àga tíṣà bí ọmọ tí wọ́n nà. Ó mọ̀ kó tó kúnlẹ̀. Ó ń dúró dè mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún Màmá.

Mo ti fi orúkọ mi padà sórí káàdì náà. Mo sì ti kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ kí n tó kọ ọ́, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo lọ bá Bàbá Ayọ̀rìndé nílé, mo dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe jẹ́ obìnrin yìí. Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi wá, wọ́n mu ún tán, wọ́n dá ife padà fún mi. Mo lọ bá Babátúndé tó ti wálé fún ìrántí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Tìrẹ, jẹ́ kí n ṣì rò ó ná." Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí Ìgèdè, níbi tí mo gbọ́ pé Ìtùnú ń gbé. Onílé rẹ̀ ní ó ti kó lọ, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́. Òun tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, òun nìkan ni mi ò rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò sọ pé kí ẹ má lo áàpù. Áàpù ò ṣẹ̀, ìka mi ló wọ́ káàdì, ọkàn mi ló sì rán ìka níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ síta, ẹ béèrè ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ tún un béèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí àgbà bínú tó bá fẹ́ bínú. Ẹni tó bá sì gbà láti ru ẹ̀bi yín, ẹ má jẹ́ kó dúró dè yín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí Ìtùnúolúwa wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kó kà á ní gáréèjì, tàbí lẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ẹ lọ bá a nílé. Kó jókòó, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún un pé Àǹtí rẹ̀ ti sọ ọ́.