Bí Ẹfúntádé àti Abéjidé Ṣe Gun Òkè Àwòṣífìlà

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹnì kankan kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí a jókòó sí yìí, tó jẹ́ pé ọ̀bọ àti ẹyẹ nìkan ló ni orí òkè, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn ènìyàn wa ń gbé. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Agboolé Alámọ̀, ohùn mi kò ròkè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin bá òkè yìí láyé ni, ẹ ń sáré lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́. Nígbà náà, Àwòṣífìlà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó fẹ́ rí góńgó rẹ̀, fìlà rẹ̀ á ṣí bọ́ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń gùn ún. Wọ́n ní àpáta ni látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kò sí omi níbẹ̀, pé ẹni tó bá lọ, òùngbẹ ni yóò pa á.

Ẹfúntádé, ìyá ńlá tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀, amọ̀kòkò ni. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni orísun wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Àwọn ẹlẹ́ṣin kan wà láyé ìgbà náà, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà gbẹ, wọn a jáde wá. Wọn kì í wá ra ọjà, wọn kì í wá kí ènìyàn. Ènìyàn ni wọ́n ń wá kó lẹ́rú. Ọdún tí wọ́n mú ọkọ Ẹfúntádé lọ, inú igbó ló sá pamọ́ sí pẹ̀lú Ìbídùn, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ó fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu kí ó má baà sunkún. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó wá di ọdún tó tẹ̀ lé e. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àyà ti ń já gbogbo ìlú. Ẹfúntádé lọ wa amọ̀ létí odò. Amọ̀ dúdú kan wà tí àgbàrá máa ń gbé wá láti orí òkè, tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ó ti ń fi í mọ ìkòkò láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó bù ú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró. Irú amọ̀ yìí kì í ti ara àpáta gbígbẹ wá. Ibi tí omi bá dúró sí, tí omi sùn sí, ibẹ̀ ló ti máa ń jókòó. Ẹfúntádé gbé ojú sókè, ó wo Àwòṣífìlà.

Kò padà sílé. Ọ̀dọ̀ Abéjidé ló gbà lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Abéjidé láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Obìnrin aṣẹ́gità ni, ó ga, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

“Abéjidé, omi wà lórí òkè yẹn.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Amọ̀ ló sọ fún mi.”

Abéjidé ní, “Amọ̀ kò parọ́ fún ọ rí. Ìgbà wo la ó gbéra?”

Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Kò ní kí òun lọ rò ó wò. Kò bi í pé kí ni yóò jẹ́ èrè òun. Ìgbà wo la ó gbéra!

Wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ mi orí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. N kò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ tí ẹ kò bọ̀, n kò ní ẹni tí màá rán wá yín o.” Ẹfúntádé fa Ìbídùn lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n di àádùn àti iṣu sísun, wọ́n rọ omi sínú akèrègbè, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, wọ́n mú àdá, ó di òkè.

Igbó ló kọ́kọ́ wà. Abéjidé ń ṣán ọ̀nà níwájú, ó ń kọrin:

Òkè o, rọra o,
A ò bá ọ jà, rọra o,
Ibùgbé là ń wá,
Òkè o, rọra o.

Ẹfúntádé ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ lọ. Abẹ́ igi ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbó tán. Àpáta ló kù, tó ga fíofío, tó ń dán lábẹ́ oòrùn. Wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá bí aláǹgbá, tí wọ́n bá gùn díẹ̀, wọ́n á sinmi. Wọ́n gùn ún títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àpáta sùn. Ẹfúntádé rí iná ìlú wọn nísàlẹ̀, ó kéré bí ojú eku. Ó rántí ọmọ rẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Abéjidé di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sọ̀rọ̀. Abéjidé yẹn náà o, tí kì í dákẹ́!

Ọ̀la rẹ̀ ni wàhálà dé. Ẹsẹ̀ Ẹfúntádé yọ̀ lórí ewéko àpáta, ó yí gbirigbiri, bí kì í bá ṣe igi kékeré kan tó dá a dúró, à bá má sí lórí òkè yìí lónìí. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú gbìǹgbìn. Omi inú akèrègbè rẹ̀ sì dà nù tán.

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká padà. Mo ti pa ara mi, n kò fẹ́ pa ìwọ náà.”

Abéjidé ní, “Ibi tí a ti bọ̀ ti jìnnà ju ibi tí à ń lọ. Àti pé, bí a bá padà, kí la fẹ́ padà lọ dúró dè? Àwọn ẹlẹ́ṣin?”

Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó ku tòbí nìkan lára rẹ̀. Ó ya ìró náà, ó so ó pọ̀, ó fi so Ẹfúntádé mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gòkè. Tí wọ́n bá dúró, á gbé akèrègbè tirẹ̀ fún Ẹfúntádé. “Mu.” Ẹfúntádé á ní, “Ìwọ ńkọ́?” Abéjidé á gbé e sẹ́nu, á ní, “Èmi náà ti mu.” Báyìí ni wọ́n ń ṣe títí di ọ̀sán. Ìgbà tó yá, Ẹfúntádé wo ọ̀fun ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbé akèrègbè sẹ́nu. Ọ̀fun náà kò mì.

Ó ní, “Abéjidé, o ò mu nǹkan kan.”

Abéjidé ní, “Ìwọ lo mọ amọ̀. Bí èmi nìkan bá dé òkè, kí ni mo fẹ́ wá níbẹ̀?” Ètè rẹ̀ ti là, ohùn rẹ̀ ti ha. Ẹfúntádé gba akèrègbè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí kò bá mu èyí tó kù, òun kò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Abéjidé tó mu ún.

Kùrukùru wá bo gbogbo òkè, wọn kò rí iwájú, wọn kò rí ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó. Inú kùrukùru yẹn ni Ẹfúntádé ti gbọ́ ohùn kan: kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Ó di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

“Ọ̀pọ̀lọ́ ni!”

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í gbé ibi tí omi kò sí. Wọ́n tẹ̀ lé ohùn náà, Ẹfúntádé ń fi ìdí wọ́, Abéjidé ń fà á, títí ọwọ́ wọn fi tẹ ilẹ̀ tútù. Kùrukùru ká díẹ̀. Haa! Ilẹ̀ títẹ́ lọ salalu, koríko tútù, adágún omi láàárín, amọ̀ dúdú yí i ká. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n mu bí ẹran. Ẹfúntádé bu amọ̀ náà, ó fi pa ojú Abéjidé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú sánmà mọ́ kedere, wọ́n rí eruku lọ́nà jíjìn réré, ní apá ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa ń wá. Ẹfúntádé kò lè rìn. Abéjidé kò sinmi. Ó rọ omi sínú akèrègbè kí ìlú lè fi ojú ara wọn rí i, ó ní, “Dúró dè mí,” ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdúró yẹn le. Ẹfúntádé nìkan lórí òkè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ òun ti já bọ́, kò mọ̀ bóyá ìlú gbà á gbọ́. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, títí ó fi di ọjọ́ kẹrin. Ó rí i tí èéfín ń jáde láti inú ìlú wọn. Ó mọ ohun tí èéfín yẹn jẹ́. Ó dojú bolẹ̀.

Ìgbà tó gbé orí sókè, ó gbọ́ orin. Òkè o, rọra o. Àwọn ènìyàn ń yọ lórí àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé, tí wọ́n fi okùn so ara wọn pọ̀. Abéjidé ló ṣíwájú, Ìbídùn sì sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀. Ilé òfìfo ni àwọn ẹlẹ́ṣin bá tí wọ́n dáná sun. Ẹṣin kò sì lè gun àpáta. Bí a ṣe di ará orí òkè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Ọdún gorí ọdún, orí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì funfun. Lọ́jọ́ kan, Ẹfúntádé bá Abéjidé níbi tó fi ọwọ́ lẹ́rán.

“Kí ló dé?”

“Mò ń rò ó ni. Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ. Bí mo bá kú, ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ mi?”

Ẹfúntádé fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ìbídùn bímọ obìnrin lásìkò náà. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí gbogbo ẹbí pé, Ẹfúntádé gbé ọmọ ọmọ rẹ̀, ó kọjá níwájú gbogbo wọn, ó gbé e lé Abéjidé lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ rẹ nìyí. Fún un ní orúkọ rẹ.”

Ìdí nìyẹn tí àkọ́bí obìnrin gbogbo ilé tó wà nínú agboolé yìí fi ń jẹ́ Abéjidé, orúkọ ọmọ tó bá òjò dé, òjò ìbáà rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òjò ìbáà má rọ̀. Àwọn ará agboolé mìíràn a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, “Ọmọ tí ẹ bí nínú ọyẹ́, ẹ ní Abéjidé?” Ẹ má bá wọn jà. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn. Bí ẹ bá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe Ẹfúntádé. Bí Ẹfúntádé fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Abéjidé nínú ara wa. Síbẹ̀, ẹ bọ́ sí gbàgede báyìí, kí ẹ pe “Abéjidé!” lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá gbọ́ iye ẹnu tí yóò jẹ́ yín.