Ìbọn Kọ̀, Mo Tún Un Ṣe

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú mi jáde nínú yàrá yìí, ara àgbá ni wọ́n máa so mí mọ́, àwọn sójà á sì yìnbọn fún mi. Ìbọn tiwọn kò ní kọ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tẹnu mi.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ń tún ṣe ní Ṣómólú. Nígbà tí ìjọba sójà dé, ohun gbogbo wọ́n bí ojú, pépà di àwátì, ẹ̀rọ sì dákẹ́ ní ojúlé gbogbo. Gààrí ló ń gba èmi àti ìyàwó mi sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ti ṣe sójà rí, tí à ń pè ní Sájà, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Magasíìnì kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe."

"Ṣé ẹ ti rí pépà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìwé kọ́, ọ̀rẹ́. Ti ìbọn ni."

Àpótí tí wọ́n ń kó ọta sí lábẹ́ ìbọn ló ń sọ. Ó yẹ kí n ní n ò ṣe, ṣùgbọ́n ó ti gbé àpò ìrẹsì kékeré sórí tábìlì mi.

Mo wò ó. Ìbọn mìíràn ló ni àpótí náà. Ó ń mì, irin tó yẹ kó dì í mú sì ti ń jẹ. Mo fi fáìlì ha á, mo fi gíríìsì sí i, ó jókòó. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti rí iṣẹ́ gidi.

"Sájà, ẹ má fi agbára gbá a wọlé o. Ọmọ àgbàtọ́ ni, á máa jẹ irin ìbọn yín."

"Ìwọ lo mọ ọwọ́ ẹ̀," ló wí. "Wàá bá mi lọ."

N ò béèrè ibi tí à ń lọ. Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ? Mo mọ̀ pé olè la fẹ́ lọ jà.

Ọ̀sán gangan la wọ ilé bàbá ẹlẹ́ja kan ní Ladilak, ní Bàrígà. Ará Ìlàjẹ ni, àwọ̀n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi kọ́kọ́rọ́ ibi tí òun ń kówó sí sílẹ̀. Sájà na ìbọn sí i, ó fà á, ìbọn kọ̀. Ó tún fà á. Ọta ti há.

Bàbá kò pariwo. "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa lọ. N ò rí yín."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Sájà gan-an ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo nawọ́.

"Ẹ mú un wá," mo ní, bí mo ṣe ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Mo yọ àpótí náà, mo yọ ọta tó há, mo tún fi àpótí sí i, mo dá ìbọn padà fún un. "Ó ti ṣe."

Sájà yìn ín lu bàbá láyà.

Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ mí, tí wọ́n gbé mi dé ilé ẹjọ́, mo ní èmi kọ́ ni mo yìn ín. Adájọ́ béèrè pé, "Ta ló tún un ṣe?" N ò bínú sí bàbá, n ò sì bẹ̀rù Sájà. Mo kàn rí ohun tó bàjẹ́ ni, ọwọ́ mi sì lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ebi pa mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló pa bàbá yẹn. Ẹ máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ yín ṣe. Bí ẹ bá sì ti wọ iṣẹ́ ibi tán, tí ó wá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún un ṣe.