Sìkírìnì Ló Kú, Kì Í Ṣe Ojú Yín

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá bá yín ka ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì ti bẹ àbúrò mi obìnrin pé kó fi yín jókòó, kó sún àga yín mọ́ tábìlì, kó sì jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà á. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán kí Ọjọ́rú tó dé, torí Ọjọ́rú ni dókítà fẹ́ fi abẹ kan ojú yín, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé orí irọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé abẹ náà lé. Irọ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì. Lónìí mo fẹ́ bì í síwájú yín, bó tiẹ̀ máa rùn.

Ẹ mọ ìtàn ara yín jù mí lọ, àmọ́ ẹni tó ń jẹ́wọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ibẹ̀ ni màgòmágó ti ń wọlé. Ayàwòrán ilé ni yín. Yàrá iwájú ilé wa ni ọ́fíìsì yín, èmi sì ni ọmọ tó jókòó tì yín, tó ń bá yín wọn ilẹ̀, tó ń bá yín ya ìlà. Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, dókítà sọ pé nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń bo ẹyinjú, pé kò kánjú, pé bí ohun tẹ́ ẹ ń wò bá ti tóbi tó, ẹ ó máa rí i, àfi lọ́jọ́ tó bá bò ó tán. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ra sìkírìnì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré, torí lójú kọ̀ǹpútà kékeré ìlà ti di èèrà tó ń tò lọ sí yín lójú. Lójú sìkírìnì ńlá, ẹ padà di ọ̀gá. Ẹ sì ní bẹ́ ẹ ṣe máa ń lò ó. Gbogbo bọ́tìnnì tó yí i ká lẹ máa ń pa mọ́, tí á ku dúdú lásán pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń yà. Ẹ ní ariwo ni bọ́tìnnì ń pa, pé ilé kò ṣeé rò láàárín ariwo. Ẹ fi dúdú yẹn sọ́kàn, torí inú rẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí.

Ohun tó ń jẹ mí nínú rèé. Ọ̀gá ilé-ìwé wá bá wa, ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé alájà méjì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé òun. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wò mí, ó bi yín pé, "Ṣé ọmọ yín yìí náà lè yà á?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ó ń gbìyànjú. Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni." Ewú ti wà nírùngbọ̀n mi lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ọmọ mi àgbà ti ga jù mí lọ. Mo bá yín rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìtìjú. Bí àlejò ṣe lọ tán, àbúrò mi obìnrin tó wá kó ife tíì tún wá fi iyọ̀ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra kọ́ṣẹ́ o, kẹ́ ẹ má lọ fẹ̀yìn tì kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ tán." Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n èmi gbé e lọ sùn, mo gbé e jí. Ẹ má rò pé mò ń dá yín lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni bàbá wọn ń sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń sùn. Èmi ni mo gbin tèmi, tí mò ń bomi rin ín.

Lọ́sẹ̀ tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé-ìwé náà, ẹ jáde lọ wo ilẹ̀. Ẹ kò pẹ́ jáde tí kọ̀ǹpútà fi gbé ìbéèrè kan sójú, ó ní àtúnṣe tuntun ti dé, ó ní ṣé ká jẹ́ kí òun kú kí òun sì tún tan. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ ní, "Bíṣẹ́ bá wà lórí tábìlì, ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá bi ẹ́, sọ fún un pé ó dọ̀la." Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é. N kò ní ìdí kankan, ọwọ́ ló yá. Nígbà tó jí padà, kọ̀ǹpútà kékeré tàn, sìkírìnì ńlá ṣókùnkùn. Mo yọ wáyà, mo fẹ́ ẹnu sí i, mo ki í bọ inú padà. Mo wá wáyà mìíràn. Mo ki í bọ ihò kejì. Mo pa iná rẹ̀ lára ògiri, mo rọ́jú dúró díẹ̀, mo tún tàn án. Pàbó ló já sí. Iná bíńtín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí mi. Mo gbé sìkírìnì náà mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá atẹ̀wé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì tàn yanran. Ó wá yé mi pé kì í ṣe òun ló ń ṣàìsàn. Mo gbé e padà, mo so ó bó ṣe wà, mo pe ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ṣe ọ́pídéètì, àbí?" Mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ti ń bọ̀." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Sìkírìnì yín ò kú, oorun ló ń sùn. Ètò kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń bá sìkírìnì sọ̀rọ̀. Ọ́pídéètì ti lé ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbé tuntun wá, tuntun yẹn ò sì mọ sìkírìnì yín rí. Ẹ lọ síbi tí kọ̀ǹpútà to gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ sí, ẹ ní kó dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Kí tíì yín tó tutù, á ti parí."

Mo ń wá ibẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ wọlé, tí erùpẹ̀ ilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ wò ṣì wà lára bàtà yín. Ẹ jókòó, ẹ kọjú sí sìkírìnì, ẹ ní kí n gbé àwòrán jáde. Mo fẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ ní sùúrù díẹ̀." Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ ti tẹjú mọ́ dúdú yẹn, ẹ yọ gíláàsì, ẹ fi etí aṣọ nù ún, ẹ tún wọ̀ ọ́. "Ìlà yìí ti tín-ín-rín jù," ẹ ní. "Fẹ̀ ẹ́." Mo tẹ bọ́tìnnì lásán. "Tún fẹ̀ ẹ́." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ sún mọ́ ọn títí imú yín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ wá bi mí, ohùn yín lọ sílẹ̀, "Ṣé ó tàn ṣá?" Mo wo ojú yín, mo rí ìbẹ̀rù níbẹ̀, ohun tí n kò rí lójú yín rí. Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Ohùn yín ni mo gbọ́ nínú mi, tó ń sọ pé, "Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni." Mo ní, "Ó tàn, Bàbá. Ilé náà ló wà níwájú yín yẹn." Ẹ fẹ̀yìn ti àga. Lẹ́yìn náà lẹ ní, "Ọjọ́ tí dókítà wí ti dé nìyẹn. Kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn."

Ẹ lè fẹ́ bá mi wá àwáwí, pé ahọ́n ló yọ̀, pé èèṣì ni. Ẹ má wá a, torí èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Nígbà tẹ́ ẹ wọlé lọ dùbúlẹ̀, mo ṣe ohun tí ẹnjiníà wí. Sìkírìnì jí. Ilé-ìwé náà yọ kedere, ìlà funfun lójú dúdú, bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Mo lè pè yín, Bàbá. Mò ń gbọ́ ikọ́ yín láti ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá dán an wò láàárọ̀, torí ẹ kì í gba nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo bá fa wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó dà bíi pé ó wọlé, kó má sì wọlé. Iná bíńtín yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo mú téèpù dúdú tá a fi ń di wáyà, mo gé e tó ìwọ̀n èékánná, mo fi lẹ iná náà lójú. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan kó gún régé, mo sì gé e gún régé.

Láàárọ̀, ẹ wá lóòótọ́. Ẹ jókòó, ẹ wò ó, ẹ wò ó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa sìkírìnì náà lójú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ sì dìde. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé yà wá, ẹ ò sì jẹ́ kó jókòó tán tẹ́ ẹ fi sọ fún un pé, "Ọmọ mi ló máa yà á. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí látìgbà tí mo ti di rúlà mú, olè ni mo fi gbà á. Inú mi dùn sí i, Bàbá. N kò ní parọ́ mìíràn mọ́ irọ́. Inú mi dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ìlà tí mo yà lójú kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé náà. Mo gbé sìkírìnì ńlá sínú yàrá ẹrù, mo da aṣọ bò ó. Ẹ̀yin náà ò wọ ọ́fíìsì mọ́, iwájú ilé lẹ ń jókòó sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Àbúrò mi obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń yà mí lẹ́nu o. Bàbá tí ò rí ìlà mọ́ ló rí èèrà nínú ṣúgà?" Mo fi ohùn àgbà dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ lojú àgbà ń ṣe, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹnjiníà pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Sìkírìnì yẹn ńkọ́, ṣó jí?" Mo ní ó jí. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́dún yẹn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ilé-ìwé náà, mo mú yín dání lọ. Ẹ ń fi ọwọ́ tọ ògiri, ẹ ń yìn mí. Ẹ dé iwájú fèrèsé kan, oòrùn kún ojú yín, ẹ dúró, ẹ bi mí pé, "Ṣé fèrèsé nìyí?" Fèrèsé ni, Bàbá. Ẹ rí i. Ẹ ń wò ó. Ẹ kàn ti dẹ́kun gbígba ojú yín gbọ́ ni, èmi ni mo sì kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé-ìwé náà, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé, mo nu ojú mi, mo padà wá gba oríyìn.

Èmi ì bá gbé e wọ sàréè. Àbúrò mi ni kò gbà, tó fi dandan mú yín lọ rí dókítà. Dókítà bi yín bẹ́ ẹ ṣe ń ríran, ẹ ní ẹ ò rí ohunkóhun lójú sìkírìnì ńlá mọ́ rárá, àní bó ti wù kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó. Ó wò yín títí, ó mi orí. Ó ní, "Lójú tèmi o, à bá ṣì dúró. Abẹ yìí lè là wọ́n lójú, ó sì lè ba èyí tó kù jẹ́, pàápàá pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Àmọ́ tí wọn ò bá rí nǹkan kan mọ́, kí la tún ń dúró dè?" Ó mú Ọjọ́rú. Gbogbo yín wò mí, èmi àkọ́bí, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó. Ohun tí mo rò náà lẹ ń kà yìí.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ti fura látìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó. Sìkírìnì tó wà níwájú yín yìí, òun náà ni. Mo gbé e jáde lábẹ́ aṣọ, mo nù ún, mo ki wáyà rẹ̀ bọ inú títí ó fi kan ìdí. Ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Téèpù tí ọwọ́ yín bá níbẹ̀ yẹn, n kò yọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń fi irọ́ tù yín nínú. Gbogbo bọ́tìnnì ni mo pa mọ́, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi dúdú sílẹ̀, mo fi funfun kọ ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á fún yín. Ojú yín ló kà á dé ìhín.

Bóyá ẹ ó ṣì ṣe abẹ náà lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti dókítà nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni kẹ́ ẹ bá a sọ. Mo ti jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, n kò ní wọlé àfi tẹ́ ẹ bá pè mí, bẹ́ ẹ bá sì ní kí n kó ẹrù mi, n kò ní jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máa gòkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé-ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ wo ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́, n kò fọwọ́ kan tiyín. Ìlà àtẹ̀gùn rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n jókòó tì yín kẹ́ ẹ yà á tán. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni.