Àtẹ Omi Kànga Tí Mo Tò Bí Réjísítà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lóhùn láti sọ èyí láàárín yín. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sin Fọlákẹ́ ìyàwó mi, ẹ sì bá mi sunkún. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ yunifásítì ni. Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó bu omi kànga ogójì ilé ní Igbó-Elérin àti Iba, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òjé, irin tó ń ba ara jẹ́, wà nínú rẹ̀. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Àìsàn ti ń bá a jà nígbà náà, nítorí náà èmi ni mo bá a tẹ àtẹ rẹ̀, orúkọ ilé àti nọ́ńbà òjé inú omi wọn, sínú kọ̀ǹpútà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, wá kí mi. Kò fọwọ́ kan mínírà tí mo gbé fún un. Ó ní òun tún omi àwọn kànga náà yẹ̀ wò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, tí ìwé sọ pé ó mọ́, òjé ló kún inú rẹ̀.

“Dádì, ẹ má bínú. Ṣé ìwé tí Mọ́mì fọwọ́ kọ àwọn nọ́ńbà omi náà sí ṣì wà níbí?”

A ṣí i. Gbogbo ohun tí Fọlákẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló tọ́. Ìgbà náà ni mo rántí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà, ojú mi kì í gba orúkọ tí kò tò. Mo ní kí kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn ilé náà láti A dé Y bíi réjísítà kíláàsì. Orúkọ kúrò láyè wọn, nọ́ńbà dúró síbi tó wà. Kànga kọ̀ọ̀kan wá ń jẹ́jọ́ kànga ẹlòmíì.

Ojú ń tì mí láti sọ àdúrà tí mo kọ́kọ́ gbà: mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹlòmíì rí i. Mo ti gbọ́ pé bí jọ́nà bá gba ìwé ẹni padà, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, ẹ̀tẹ́ ni. Òkú kò sì lè gbèjà ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà, ọkàn mi kò balẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, èmi àti Bísí lọ bá Alhaji tó ni kànga ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù bátìrì, a sọ fún un pé òjé wà nínú omi rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ sọ pé omi mi dára. Ṣé ẹ wá kó ọ̀rọ̀ yín jẹ ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

 Ó ní òun kò tíì rí alákọ̀wé tó dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí àwọn ayálégbé má mu omi náà mọ́, ó sì ti kànga pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ ímeèlì sí olóòtú jọ́nà. Mo bi í bóyá wọ́n á pa ìwé náà rẹ́. Ó ní kí n ya fọ́tò àkọsílẹ̀ ìyàwó mi ránṣẹ́, kí n sì fi àtẹ tí mo tẹ̀ kún un. Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò fún nǹkan bí oṣù méjì. Ó wá ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan tàbí méjì ló ṣì, àwọn á kàn kọ àtúnṣe, ìwé á sì dúró. Ṣùgbọ́n orí àtẹ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé, àwọn gbọ́dọ̀ gbà á padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í fà á ya. Wọ́n á fi í síbi tó wà, wọ́n á kọ ọ́ sójú ewé kọ̀ọ̀kan pé a ti gbà á padà, wọ́n á sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀ lè mọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá àṣìṣe ni tàbí èrú. Bísí sì lè fi àtẹ tó tọ́ kọ tuntun, kí orúkọ Fọlákẹ́ ṣíwájú.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n gbà. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: “Àkọsílẹ̀ òǹkọ̀wé tọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ṣèèṣì da àtẹ rú, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi tó wa létí.” Wọ́n tún kọ orúkọ mi síbẹ̀, lábẹ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí ìyàwó mi kọ láyé, ibẹ̀ nìkan ni orúkọ àwa méjèèjì ti wà pọ̀.

Ògo ni fún Olúwa. Ẹ bá mi yọ̀.