Èmi Ni Mo Fọ́ Ayé Màmá

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó wa. Aṣọ funfun tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ti wà lára ìkọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wò ó, ṣe ni mò ń kọjú sí ògiri. Kí n tó wọ̀ ọ́, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde.

Aránṣọ ni mí. Atún-aago-ṣe ni olólùfẹ́ mi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé, nínú géèmù kan tí èèyàn ti ń wa ọkọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Inú ẹgbẹ́ awakùsà ni mo wà. Òkúta kan náà là ń wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, kí ipò wa lè máa ga sí i. Òun kì í wa òkúta kankan, ó kàn ń rìn kiri ni. "Ìwọ yìí, o ò rí i pé oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ ni?" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Mo yíjú padà, oòrùn méjì ló ń wọ̀ pa pọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi ti bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ kò lè rìn mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán, olólùfẹ́ mi á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á gbé kọ̀ǹpútà síwájú bẹ́ẹ̀dì wọn, wọn á sì jọ máa rìn kiri nínú géèmù náà. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ayé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò dé rí, tí igi rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò. Màmá ló máa ń pàṣẹ: "Yà sọ́tùn-ún. Rọra o, má tẹ òdòdó yẹn!" Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá kọ orúkọ sí ayé kan ló ni ín, ẹlòmíràn ò lè wa ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn á máa rí i lórí àwòrán ọ̀nà. Màmá ní kó má kọ ọ́. "Àlejò á pọ̀ jù. Kó jẹ́ tàwa mẹ́ta." Àwa mẹ́ta! Wọ́n ka èmi ọ̀dàlẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, tí à ń pè ní Kòsinmi, ń wá igbákejì. Ó ní ẹni tó bá mú òkúta pupa, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù, wá ló ni ipò náà. "Àbí ìwọ aránṣọ, òdòdó lo fẹ́ máa ká kiri pẹ̀lú ọkùnrin rẹ yẹn?" Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sì mọ ibi tí òkúta pupa wà, mo ti rí i lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi débẹ̀: abẹ́ igi Màmá. Mo tan ara mi jẹ pé bí mo bá dépò, màá fún olólùfẹ́ mi ní ọkọ̀ ńlá, kí ẹnu yà á bíi tàwọn ọkùnrin inú ìwé ìfẹ́ tí mo máa ń kà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí ayé Màmá. Ogójì ọkọ̀ ló balẹ̀. Èmi gan-an ni mo gé igi àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá nígbà tí olólùfẹ́ mi ṣí kọ̀ǹpútà. Kòtò ni gbogbo ibẹ̀. Màmá wò ó títí. "Ọmọ mi, o ṣìnà ni. Ibí kọ́."

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kó o má kọ ọ́."

Olólùfẹ́ mi kọjú sí mi. "Orúkọ ẹgbẹ́ yín nìyí. Ṣé o mọ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀." Mo bú sẹ́kún. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tiẹ̀ gbá mi mọ́ra, àyà rẹ̀ ni mo fi nu omijé èké.

Látìgbà náà, kò rìn kiri mọ́. Òkúta ló ń wa báyìí, kí ọkọ̀ rẹ̀ lè lágbára dé ibi tó jìnnà, kó lè wá ayé mìíràn fún Màmá. Aago àwọn oníbàárà ń sùn lórí tábìlì. "Ó ku díẹ̀, Màmá," ló ń wí ṣáá, láìgbójú sókè. Lánàá, Màmá fà mí lọ́wọ́: "Ìyàwó mi, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti bi mí pé níbo ká yà sí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá mú yín dé ibi tó fẹ́ràn, ẹ má fi ojú ohun tí ẹ lè rí kó wò ó. Olólùfẹ́ mi, lọ́sàn-án òní ni màá ka ìwé tí mò ń kọ yìí sí ìwọ àti Màmá létí. Ẹ forí jì mí. Bí o bá ní kí n tú aṣọ funfun yìí, màá tú u. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi òkúta yẹn sílẹ̀. Lọ jókòó ti Màmá, kí o bi wọ́n: ọ̀tún ni, àbí òsì?