Òdo Tí Mo Kọ Síwájú Orúkọ Àwọn Òkú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ òkú ni mo ṣe nígbà náà, ní àdúgbò Bẹ́yẹrúnká. Mo ń bèèrè ọjọ́ orí àwọn tó kú, àti iye ọdún tí wọ́n fi ṣàìlera kí wọ́n tó kú. Ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ á yọ ọdún àìlera kúrò nínú ọjọ́ orí, wọ́n á fi mọ iye ọdún tí èèyàn fi ń wà láyé pẹ̀lú ara líle. Àdúgbò tí àìlera bá ti pẹ́ jù ni nọ́ọ̀sì á ti máa wọlé tọ àwọn arúgbó.

Wọ́n kọ́ wa pé ìdílé máa ń fi àìsàn pamọ́, kí àwọn tó ń wá ìyàwó má baà sá. Nítorí náà, obìnrin tó ń wẹ aláìsàn ni ká bi ní kọ̀rọ̀.

Ní agboolé kan, mo bi Ìyá Rísí, opó kan, nípa ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó ní ọkọ òun kò ṣàìsàn rárá, ó kàn sùn, kò jí mọ́ ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọdún mẹ́jọ ni ọkùnrin náà fi wà lórí ẹní. Mo rọra tún un bèèrè. Ó yíjú sí àwọn ará ilé.

"Ẹ wo àgàn tó ń ka òkú olókùú. Kò rọ́mọ kà nílé ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò bi Rísí, ọmọ rẹ̀ tó máa ń wẹ bàbá náà nígbà àìsàn. Mo kọ òdo sí ọdún àìlera ọkùnrin náà. Mo kọ òdo fún gbogbo òkú agboolé náà, àti ti gbogbo ojúlé tó kù ní àdúgbò náà, láì wọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Èsì jáde pé ara àwọn ará ibẹ̀ le títí dọjọ́ ikú. Wọ́n kó nọ́ọ̀sì lọ sí àdúgbò mìíràn, Òjé.

Ní báyìí, Ìyá Rísí ti wà lórí ẹní; ó ṣubú, apá àti ẹsẹ̀ kan sì rọ. Rísí nìkan ló ń gbé e. Òun ló dá mi dúró ní Bẹẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bá wọn ṣiṣẹ́. Kí la ṣe tí nọ́ọ̀sì ò fi dé ọ̀dọ̀ tiwa?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín: mi ò tíì dárí ji ìyá náà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ṣubú, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Rísí kò sí lára àwọn tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ́fíìsì ni kí n kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́, àbí ọ̀dọ̀ Rísí?